Èṣùbíyìí, Àtá Ayédé: Ológun Ẹnu Ààlà

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwọn kan ní agbàlú ni, àwọn kan ní ajagungbadé ni, n kò sì rí èyí tí ó purọ́ nínú wọn.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń ya wọ ilẹ̀ wa ní Èkìtì, tí wọ́n ń kó ará Yàgbà, Ìkọ̀lé àti Ìyè lẹ́rú bí ẹni ń ká ilá, kò sí òfin mìíràn ní ẹnu ààlà yìí ju èyí tí olóko àti olóògùn bá fi apá gbé ró. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n Tápà kì í wí tẹ́lẹ̀. Ìlú Ìyè fọ́. Èṣùbíyìí, ológun Ìyè, ṣa àwọn tí ó ṣẹ́kù jọ, ó sì tẹ Ayédé dó ní nǹkan bí ọdún 1850. Bí ará Yàgbà àti ará Ìkọ̀lé ti ń sá dé, ó ń gbà wọ́n, ó ń fún wọn nílẹ̀, àwọn náà sì gbé òrìṣà wọn wá. Ológun ni ní Ìyè. Ní Ayédé, ó di Àtá. Ẹni tí iná ń lé bọ̀ kì í bi onílé léèrè ẹni tí oyè tọ́ sí.

Ṣùgbọ́n idà nìkan kì í mú adé dúró lórí. Ó mú Yemọja wá láti Ìbàdàn, ó fi í ṣe òrìṣà ààfin. Ẹ wo arugbá Yemọja lọ́jọ́ ọdún, pẹ̀lú igbá omi lórí, ìkóódẹ pupa lára igbá, bí ó ti ń rọra gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: agbára ọba ni obìnrin yẹn rù, bí igbá bá sì já, ọ̀ràn ti kúrò ní ti olórìṣà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n fi Èṣùbíyìí wé ọkùnrin ẹnu ààlà mìíràn: ní 1871, Wild Bill Hickok, tí ó ti bá ìhà Àríwá ṣiṣẹ́ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ń fi ìbọn pa òfin mọ́ ní Abilene, ní Kansas. Ìlú ni ó ń sanwó fún un, ìlú náà ni ó sì dá a dúró kí ọdún yẹn tó parí. Ta ni ìbá dá Èṣùbíyìí dúró? Òun ni balógun, òun ni adájọ́, òun ni ọba; àwọn ológun bíi tirẹ̀, Adúlójú ní Adó àti Olúgbọ́sùn ní Ọ̀yẹ́, náà sì ń jagun tiwọn. N kò ní fi ewé bò ó: ènìyàn ni èrè ogun ìgbà náà, àwọn tí wọ́n sá fún Tápà sì bá wọn jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Ìbàdàn ni Èṣùbíyìí kọ́kọ́ jẹ́. Nígbà tí Fábùnmi, ológun Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn níbẹ̀ ní 1878, tí Èkìtì sì parapọ̀ láti bá Ìbàdàn jà, Ayédé yí ẹ̀yìn padà sí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ní 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ogun náà, tí à ń pè ní ogun Kírìjì. Ní ti Tápà tí ó lé e kúrò ní Ìyè, ọwọ́ Èkìtì kọ́ ni ó ṣẹ́ wọn: àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ni wọ́n ṣẹ́gun Bídà, olú-ìlú Tápà, ní 1897.