Oúnjẹ Tí A Jẹ Ní Ìdálẹ̀ àti Èyí Tí A Fi Sílẹ̀ Nílé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni a ó sọ, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni a fi ń jẹun. Àwa dá a lóhùn pé oúnjẹ gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí a bá sọ ọ́ dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ náà ni.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Nípa àánú Ọlọ́run, àwa ti dé oko díẹ̀, a sì ti jẹun níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú yín rìn ní àwọn ọ̀nà náà.

Oko kìíní ni Ìbàdàn, nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá. Ẹ̀bà àti ìkòkorẹ́ ni ẹnu wa mọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan mú wa lọ sí búkà kan, wọ́n sì gbé àmàlà dúdú síwájú wa. A wò ó bí ẹni pé amọ̀ ni. Ìyá olóúnjẹ rí bí a ti fajú ro. Ó bu gbẹ̀gìrì sí i, ó bu ewédú sí i, ó da ọbẹ̀ ata lé e lórí, ó ní, “Ọmọ mi, kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná. Bí o bá jẹ ẹ́ tán, kí o wá wò ó.” Kí a tó mọ̀, ọwọ́ wa ti kan ìsàlẹ̀ àwo. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó bó ẹ̀wà, tí ó sè é títí ó fi rọ̀, tí ó tún fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí ó tó di gbẹ̀gìrì, iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe. Lórí bẹ́ǹṣì kan náà ni alágbàṣe àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ojú ń tì.

Oko kejì ni Àkrá, ní ilẹ̀ Gánà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé ibẹ̀, a rí èrò tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, olúkúlùkù ń dúró de ewé rẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni wọ́n jọ sè, wọ́n sì fi ewé ọkà bàbà sí i nínú ìkòkò títí àwọ̀ rẹ̀ fi pọ́n. Waakye ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí ó ti inú èdè Haúsá wá. Wọ́n wọ́n gàrí sí i, wọ́n fi ẹyin sí i, wọ́n sì fi ata dúdú tí wọ́n ń pè ní shito kún un. Ìrẹsì àti ẹ̀wà kì í ṣe àjèjì sí wa, ṣùgbọ́n ewé kan ṣoṣo ti sọ wọ́n di ohun tí a kò mọ̀ rí.

Ẹ̀kẹta ni Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dọ̀ àbúrò wa. Òjò winniwinni ń rọ̀, òtútù sì mú wa dé eegun. Àbúrò wa ra ẹja díndín àti ọ̀dùnkún díndín fún wa nínú ìwé, wọ́n da iyọ̀ àti ọtí kíkan sí i. Kí a má purọ́, a wá ata títí, a kò rí i. Síbẹ̀, ìtàn oúnjẹ náà wù wá. A gbọ́ pé àwọn Júù tí wọ́n ti ilẹ̀ Pọtogí àti Sípéènì wá ni wọ́n mú irú ẹja díndín bẹ́ẹ̀ dé ìlú Òyìnbó. Nígbà ogun 1939 sí 1945, ìjọba ń fi ìwọ̀n pín oúnjẹ fún àwọn ènìyàn, ìfiwọ̀npín náà kò sì tán pátápátá títí di 1954. Ẹran, bọ́tà, ṣúgà, gbogbo wọn ni a fi ìwọ̀n pín. Ṣùgbọ́n ìjọba kò fọwọ́ kan ẹja àti ọ̀dùnkún díndín yìí. Wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ mẹ̀kúnnù ni, wọn kò sì fẹ́ kí ọkàn mẹ̀kúnnù rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ̀kẹrin ni ó mú wa dìde lónìí. Àwa àti àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá díẹ̀ jọ lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíl. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan a ń rìn lọ, òórùn epo pupa sì pàdé wa kí a tó rí ẹni tí ó gbé e kaná. Obìnrin kan ni, aṣọ funfun ni ó wọ̀, gèlè funfun ni ó wé, ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àkàrà ni ó ń dín! Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún: àkàrà wa ni, tí ọ̀rọ̀ náà “jẹ” sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀wà tí a bó tí a sì lọ̀, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti epo pupa, kò sí ohun tí ó yàtọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó wá la àkàrà náà láàrin, ó ki ọbẹ̀ ilá sí i, ó ki edé gbígbẹ sí i, àti ọbẹ̀ kíki kan tí wọ́n ń pè ní vatapá. Ó bi wá bí a bá fẹ́ ẹ ní gbígbóná tàbí ní tútù. A ní gbígbóná, a rò pé iná ni ó ń wí. Ata ni! Ẹni tí ó bá ní tútù ni kò fẹ́ ata. A dúpẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni wá. Ní ẹ̀gbẹ́ àkàrà náà ni abará wà, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n pọ́n sí ewé tí wọ́n sì sè, ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí oúnjẹ yìí ti dé ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé e lọ kò fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ. Nínú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n wà. Bràsíl kò fòpin sí ẹrú níní títí di 1888. Nígbà ìdè náà, àwọn obìnrin a máa ru oúnjẹ tà kiri ìgboro fún olówó wọn, àwọn mìíràn a sì máa tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi ra ara wọn padà. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà wọ̀nyí sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá sì ni ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti bu ọlá fún wọn lọ́dọọdún.

Nígbà tí ògbufọ̀ wa sọ fún obìnrin náà pé láti ilẹ̀ Yorùbá ni a ti wá, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dì mọ́ wa. Ó bèèrè bí wọ́n ti ń dín àkàrà ní ìlú wa. Èyí a lè dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ní, “Oúnjẹ wo ni ti ìlú yín gan-an?” A fi ìgboyà sọ pé ìkòkorẹ́ ni. Ó ní, “Báwo ni ẹ ṣe ń sè é?” Ẹ̀yin ará, a la ẹnu, a sọ pé ewùrà ni, a sọ pé ata àti ẹja wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán. Ẹni tí wọ́n jí àwọn ìyá ńlá rẹ̀ gbé ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn mọ oúnjẹ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwa tí ẹnikẹ́ni kò jí gbé kò mọ tiwa.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí a sùn. Nítorí pé àwọn tí wọ́n kàwé ní ìlú yìí yóò rántí ìyá arúgbó kan tí ó máa ń ta ìkòkorẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní kíláàsì wa nígbà náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó pẹ́ dé, ewùrà sì ti gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí pé ó bá ìyá rẹ̀ rin ín. A mú un jáde síwájú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, a ní, “Ìwé ni yóò gbà ọ́, kì í ṣe ewùrà.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rin ín mọ́. Ìyá náà ti kú báyìí. Ọmọ rẹ̀ ń ta búrẹ́dì ní ibùdókọ̀.

Nígbà tí a ti Bràsíl dé, a lọ bá a. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìkòkorẹ́ sísè. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ní kí n jù ú sílẹ̀?” Kò fi ìbínú sọ ọ́, èyí ni ó sì dùn wá jù. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá. Ó rántí púpọ̀ nínú rẹ̀: pé a ó bó ewùrà, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín; pé a ó se ata, àlùbọ́sà, epo pupa, edé àti ẹja gbígbẹ títí omi rẹ̀ yóò fi hó; pé ọwọ́ ni a fi ń bu ewùrà sínú rẹ̀ ní kékeré kékeré, a kì í sì rò ó títí yóò fi dì, kí iná má sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ewùrà bá ṣomi jù, kí ni ìyá rẹ̀ máa ń ṣe? Èyí kò mọ̀. Ó ní ọwọ́ òun kò pẹ́ tó níbẹ̀. Ní Sátidé kìíní, gbogbo rẹ̀ yọ́ di ògì. Ní Sátidé kejì, ó le bí òkúta. Ní ẹ̀kẹta, ìyá àgbà kan ládùúgbò tọ́ ọ wò, ó mi orí, ó ní, “Ó ti ń súnmọ́ ọn.” Ibẹ̀ ni a dé títí di òní.

Ní àjọ̀dún wa èṣí, àlejò kan béèrè oúnjẹ ìlú wa. Ìrẹsì díndín àti adìyẹ tí a gbé láti Èkó ni a gbé fún un. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí pé àwa náà wà nínú ìgbìmọ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a mú wá síwájú ẹgbẹ́. Kìíní, ní ọdún tí ń bọ̀, kí àwọn ìyá ìlú yìí se oúnjẹ ìlú yìí ní ọjọ́ ẹgbẹ́, kí a sì san owó fún wọn bí a ti ń san fún àwọn ará Èkó. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ra ìkòkò àti ohun èlò sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí a pe àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n kù, kí a sì gbà wọ́n bí olùkọ́, nítorí pé olùkọ́ ni wọ́n. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, nígbà tí ẹ bá tún ń bá ìyá yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹ béèrè bí wọ́n ti ń se oúnjẹ kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de ọdún tí ń bọ̀.

A kò sọ pé kí ọmọ fi ìwé sílẹ̀. Títí a ó fi fẹ̀yìn tì ni a ó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kàwé. Àṣìṣe wa ni pé a rò pé ọwọ́ tí ó rin ewùrà kò lè mú kálàmù. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí tiwa gbẹ, kí ó sì jẹ́ kí a tún pàdé lámọ́dún nídìí ìkòkò ara wa. Àṣẹ.