Ẹ̀dà Ìpamọ́ fún Iṣẹ́ Ìwádìí inú Kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Kí A Yàn?



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lójú àwọn kan, ṣùgbọ́n tiwa gan-an ni. Nígbà tí téèpù ni a fi ń gba ohùn àwọn oníjàálá àti àwọn babaláwo sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni téèpù ń bàjẹ́. Ẹni tí ó bá tètè fura lè gba apá kan là. Díìsìkì kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ dáradára ní àná kí ó má sì jí mọ́ ní òwúrọ̀ yìí. Bí apohùn náà bá sì ti di ará ọ̀run, ta ni a ó tún lọ bá?

Ohun tí mo ń pè ní ẹ̀dà ìpamọ́ ni ẹ̀dà tí ó dá dúró gedegbe, tí ohun tí ó bá ṣe iṣẹ́ gan-an kò fi ní lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ti ní i nítorí pé wọ́n ń lo Google Drive. Iṣẹ́ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní pàtàkì ni láti mú kí fáìlì rí bákan náà níbi gbogbo. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ níhìn-ín, yóò di píparẹ́ lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọjọ́ 30, kò sí i mọ́.

Ẹ̀dà náà kò sì gbọdọ̀ dúró de ìrántí wa. Ẹni tí ó bá ní òun yóò máa ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì yóò ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Time Machine tí Apple gbé jáde ní 2007, àti File History tí ó bá Windows 8 dé ní 2012, máa ń ṣe ẹ̀dà fúnra wọn ní wákàtí wákàtí, bí a bá ti so díìsìkì mìíràn mọ́ kọ̀ǹpútà. A kì í san owó ọ̀tọ̀ fún wọn. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi máa wá èyí tí ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ní 1998, àwọn òṣìṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà ń ṣe fíìmù Toy Story 2 lọ́wọ́ nígbà tí àṣẹ kan tí a ṣì pa fún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn fáìlì rẹ̀ rẹ́. Wọ́n sáré lọ sí ìdí ẹ̀dà ìpamọ́ wọn, wọ́n sì rí i pé kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ mọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Ohun tí ó yọ wọ́n ni ẹ̀dà tí ó wà ní ilé Galyn Susman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, ẹni tí ó ń ti ilé ṣiṣẹ́ nítorí pé ó bímọ.

Àwọn kan yóò ní kí a kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ìwé tí a tẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ohùn wákàtí kan tí a gbà sílẹ̀ láìfún un pọ̀ lé ní 600 MB. Wákàtí 100 lé ní 60 GB, owó dátà kì í sì í ṣe owó kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù kẹta 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Díìsìkì kan ṣoṣo kò sì tó. Kòkòrò kọ̀ǹpútà bíi WannaCry, tí ó jà ní 2017, tí ó ń ti fáìlì pa kí a lè san owó ìràpadà, lè ti èyí tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà pa pẹ̀lú.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí ẹ̀ka yìí ra díìsìkì méjì: kí ọ̀kan wà lára kọ̀ǹpútà, kí èkejì wà ní ilé mìíràn, kí a sì máa pààrọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ní ọjọ́ ìpààrọ̀, kí ẹnì kan mú fáìlì ohùn kan láti inú ẹ̀dà náà, kí ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì gbọ́ ọ dé òpin.