Ọ̀rọ̀ Ìyá Ọlọ́jà Kan Lórí Ìwé Àwòrán Ìyáàfin Ransome-Kuti

Alága wa, ẹ̀yin àgbà Yorùbá ní Rumuigbo, ẹ̀yin ọmọ Ikwerre onílé wa tí ẹ bá wa péjọ, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ta kókó, ẹ bá mi tú u.

Ọmọ mi obìnrin ló fi ìwé kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Àwòrán ni láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe eré ọmọdé nìyí?" Ó ní, "Màmá, ẹ kà á ná. Ìlú yín ni." Abẹ́òkúta ni lóòótọ́! UNESCO ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Alaba Onajin ló ya àwòrán rẹ̀, Obioma Ofoego ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ni.

Ìyá tó bí ìyá mi ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ó máa ń sọ fún wa pé àwọn sùn sí ẹnu ọ̀nà ààfin nítorí owó orí. Àlọ́ la pè é, a ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo rí àwọn obìnrin inú ìwé yẹn, omi bọ́ lójú mi. Òótọ́ ni màmá ń sọ.

Láti 1918 ni ọmọbìnrin Ẹ̀gbá tó bá ti pé ọdún 15 ti ń san owó orí. Nígbà ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Ìyáàfin yìí, tí í ṣe olùkọ́, kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé, wọ́n sì di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ní 1946. Ní ìparí 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin péjọ sí ààfin. Ní oṣù kìíní 1949, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀, kí ó tó padà wá ní 1950. Wọ́n mú owó orí kúrò lọ́rùn obìnrin, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Apá ìhín náà kò gbẹ́yìn: ní 1929 àwọn obìnrin Àbá àti Òpóbò ti dìde nítorí ọ̀rọ̀ owó orí, wọ́n sì yìnbọn pa nínú wọn.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń jà sí. Wọ́n ní àwọn ń san, àwọn kò sì ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń ná an.

Ẹ̀yin bàbá wa, àwa obìnrin ra aṣọ ẹgbẹ́, a dáná, a dá owó bíi tiyín. Ẹ wo àwọn tó jókòó nídìí tábìlì iwájú. Obìnrin mélòó ló wà níbẹ̀? Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀: ẹ fi obìnrin méjì sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú owó tí a bá dá lónìí. Bí ẹ bá ní a kò kàwé tó, àwọn ìyá Abẹ́òkúta náà kò kà á tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín, kí wọ́n má baà pè é ní àlọ́ bí mo ti ṣe.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.