Ìfẹ̀yìntì Kì Í Ṣe Òpin Iṣẹ́

Ẹ̀yin àgbààgbà àti ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá ní Minna, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì a máa ba ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá lánàá yóò jí lówùúrọ̀, kò ní rí ibi tí yóò lọ. Àìlówó nìkan kọ́ ni ó ń dun irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé kò sí ẹni tí ó tún ń fi ọ̀ràn lọ̀ ọ́.

Àpẹẹrẹ rere wà ní ìlú yìí. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ọmọ bíbí Minna, fa ìjọba lé àwọn alágbádá lọ́wọ́ ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1999. Kò tí ì pé ẹni ọdún 57 nígbà náà. Síbẹ̀, kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 2003, àjọ ECOWAS fi í ṣe onílàjà láàrin àwọn tí ń jagun ní Liberia, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Accra, ní oṣù Kẹjọ. Àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìrírí àti sùúrù ni ó fi ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò parí ogun. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fẹ̀yìntì lè kọ́ ọmọ àdúgbò ní ìṣirò. Nọ́ọ̀sì lè la àwọn aboyún lọ́yẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, kí ó béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sì gbé iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; ṣùgbọ́n àgbà tí wọn kò pè wá sọ́jà kò lè tún orí ọmọ ṣe.