Àwòrán Ẹni Tí Kò Sí Níbẹ̀: Àkọlé Orin Rọ́ọ̀kì Lójú Ayàwòrán

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí ni kí n sọ bí àwòrán ṣe ń túmọ̀ àkọlé orin rọ́ọ̀kì, pàápàá àwọn orin ayé ìgbà tí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ṣì ń gbayì. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Ayàwòrán tó bá ya ohun tí àkọlé dárúkọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ohun tí àkọlé náà ń ṣe sí ọkàn ẹni ló yẹ kó yà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Lọ́dún 1973, Paul McCartney, ọmọ ẹgbẹ́ Beatles àtijọ́, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá nítorí àwo *Band on the Run*. Olè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà lálẹ́, wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì tí orin wà nínú rẹ̀ lọ. Fela náà fẹ̀sùn kàn án pé orin adúláwọ̀ ló wá jí, títí McCartney fi gbé orin rẹ̀ sí i létí. Ṣùgbọ́n kò sí Èkó kankan nínú àwòrán iwájú àwo náà. Osterley Park ní London ni Clive Arrowsmith ti yà á: àwọn kan tó múra bí ẹlẹ́wọ̀n fẹ̀yìn ti ògiri, iná ńlá tàn sí wọn lára. Christopher Lee òṣèré wà níbẹ̀, John Conteh abẹ̀ṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Àkọlé ní àwọn kan ń sá lọ, àwòrán ní ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Ó dùn-ún wò, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ téèyàn bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti rí gbogbo rẹ̀ tán.

Ti *Lucy in the Sky with Diamonds*, orin àwọn Beatles, yàtọ̀, nítorí àwòrán ló ṣáájú àkọlé. Julian, ọmọ John Lennon, tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà, ló ya ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Ó gbé e délé, ó ní Lucy nìyẹn, lójú ọ̀run, tòun ti dáyámọ́ǹdì. Bàbá fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe àkọlé. Nígbà tí orin náà jáde lọ́dún 1967, àwọn ènìyàn ṣa lẹ́tà mẹ́ta nínú àkọlé jọ, wọ́n ní oògùn LSD ni Lennon ń sọ. Lennon sẹ́, ó tún sẹ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí ọ̀mọ̀wé ṣì ń fi lẹ́tà mẹ́ta yẹn ti iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni *Wish You Were Here*, tí ẹgbẹ́ Pink Floyd gbé jáde ní 1975. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń kọ sẹ́yìn káàdì tí wọ́n bá rìnrìn-àjò ìgbafẹ́ ni: ó wù mí kí o wà níbí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí jù lọ ni Syd Barrett, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tó kúrò ní 1968 nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò fararọ mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1975, ó ṣàdédé wọlé bá wọn ní Abbey Road níbi tí wọ́n ti ń gba àwo náà sílẹ̀. Ó ti sanra, ó ti fá irun orí, ó fá irun òkè ojú mọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń ya ẹni tí kò sí níbẹ̀? Storm Thorgerson àti Aubrey Powell, àwọn ará Hipgnosis, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwòrán iwájú àwo, kò ya Barrett rárá. Wọ́n ya aṣọ kóòtù tó dúró nínú aṣálẹ̀ láìsí ojú, láìsí ọrùn ọwọ́. Wọ́n ya ọkùnrin kan tó torí bọ omi Mono Lake ní California, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ sókè, tí omi kò sì mì rárá. Wọ́n tẹ èyí sórí káàdì, wọ́n fi sínú àwo. Níwájú, ọkùnrin méjì ń bọ ara wọn lọ́wọ́ nínú ọgbà ilé iṣẹ́ fíìmù ní Burbank, iná ń jó ọ̀kan. Iná gidi ni o. Ronnie Rondell, ẹni tí iná ń jó, wọ aṣọ tí iná kì í ràn sábẹ́ kóòtù, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ gbé iná kọ lu ojú rẹ̀, ó jó irun òkè ètè rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, lẹ́yìn náà ni wọ́n yí fọ́tò padà. Ẹnì kejì kò jáwọ́. Àwọn kan ní àwọn oníṣòwò orin tó ń rẹ́ olórin jẹ ni wọ́n ń bá wí. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ èmi rí ẹni tó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Láyé àtijọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ẹni tó wà lókèèrè a fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò ránṣẹ́ sí i. Kò ní gbẹ́ ère onítọ̀hún.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà fọ́tò yẹn, Hipgnosis fi ọ̀rá dúdú bo àwo náà pátápátá, wọ́n lẹ àmì kékeré kan mọ́ ọn lára: ọwọ́ irin méjì tó ń bọ ara wọn. Ẹni tó dé ìsọ̀ kò rí ọkùnrin tí iná ń jó. Lójú tèmi, ọ̀rá yẹn ló túmọ̀ àkọlé náà jù lọ, nítorí pé kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni oníbàárà ti ń fẹ́ ohun tí kò sí níwájú rẹ̀.