Ta Ló Lé Sòbìà Lọ?

 

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Ojú àpá tó wà lẹ́sẹ̀ bàbá mi ni mo fi mọ sòbìà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni bá mu omi adágún tí kòkòrò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó di bí ọdún kan kí aràn tó gùn tó mítà kan tó yọjú lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀, igbó á bo oko. Tó bá sì ti ẹsẹ̀ bọ odò kó lè tù ú lára, ó ti gbin òmíràn fún gbogbo ìlú nìyẹn. Kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sí oògùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tó ń ṣe lé ní 650,000!

Ta ló wá lé e lọ? Ẹ jẹ́ ká dé Ìdèrè, ní Ìbàràpá. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn bá ará ìlú jókòó lórí aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi mímu. Ta ló rán aṣọ náà? Télọ̀ inú ìlú ni. Ta ló ń tà á, tó ń ṣàlàyé rẹ̀? Ọmọ ìlú tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìlera ni. Nígbà tó yá, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri orílẹ̀-èdè. N kò ní purọ́, ìjọba ṣe tirẹ̀, àwọn òyìnbó náà ṣe tiwọn. Oṣù kọkànlá 2008 la rí ti ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó tán ní Nàìjíríà.

Kí ló wá dé tí wọ́n ń ṣe wá bí ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan? Ní ìlú tèmi, wọ́n kọ́ ilé ìlera, wọ́n lù, wọ́n jó. Wọn ò bi ìyá ọlọ́jà kankan léèrè ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọjọ́ ọjà gan-an ló sì ń sinmi! Ẹ̀rọ omi bàjẹ́, wọ́n ní ká kọ lẹ́tà. Mẹ́káníìkì tó lè tún un ṣe kílẹ̀ tó ṣú wà ní ìyànà, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ wa. Ìyàwó àbúrò mi rọbí lóru, ilẹ̀kùn tì pa. Ọ̀kadà ló gbé e lọ sí ìlú kejì. Òun yè é. Ọmọ ò dúró.

Ẹgbẹ́ wa ò ní ṣèlérí ọsibítù alájà mẹ́ta fún yín. Ohun tí a ń wí ni pé kí ìyálọ́jà, télọ̀, awakọ̀, agbẹ̀bí àti ọ̀dọ́ jókòó pọ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí kọ́kọ́rọ́ àti ìwé owó ilé ìlera wà lọ́wọ́ wọn. Àbí owó ni kò sí? Òfin ìlera 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya náírà kan, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún tó bá wọ àpò rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé ìrẹsì wá, ẹ jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ná. Ẹ bi wọ́n: eélòó ló wọlé fún ilé ìlera wa lọ́dún tó kọjá, ta ló sì ná an? Ẹ bi olùdíje tiwa náà. Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, ẹ má tẹ̀ka fún un.