Kérésìmesì Tí Mo Ṣe Lọ́dọ̀ Àwọn Ará Àméníà
(Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa)

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo rí nígbà tí iléèwé rán mi lọ sí Amẹ́ríkà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ yìnyín, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ dọ́là. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ.

Ìlú kan wà lẹ́bàá Boston tí wọ́n ń pè ní Watertown. Àwọn ará Àméníà pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ kíláàsì mi kan jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó ní kí n wá bá àwọn ṣe Kérésìmesì ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní. Mo ní, "Kérésìmesì wo? Ṣebí a ti jẹ ìrẹsì tán!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ kan náà làwọn fi ń ṣe ìbí Jésù àti ìrìbọmi rẹ̀, bó ṣe wà láyé àtijọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ti àgbélébùú bọ inú omi, ó sì kán òróró mímọ́ sí i. Ẹnì kan tí wọ́n yàn ṣe bàbá ìsàmì fún àgbélébùú náà ló gbà á jáde. Tọmọdé tàgbà wá bu omi náà lọ sílé.

Nílé wọn, a jẹ ẹja, a jẹ ẹ̀fọ́, a tún jẹ anoushabour, ìyẹn àlìkámà tí wọ́n sè pẹ̀lú èso gbígbẹ. Mo bi bàbá àgbà wọn pé ibo ni wọ́n ti wá. Wọ́n ní, "Marash." Ẹ gbọ́ o: bàbá yìí ò dé Marash rí! Bourj Hammoud, lẹ́bàá Beirut ní Lẹ́bánónì, ni wọ́n bí wọn sí. Ilẹ̀ Tọ́kì ni Marash wà. Láti 1915 ni ìjọba Ottoman ti pa àwọn ará Àméníà rẹpẹtẹ, tí wọ́n sì lé àwọn mìíràn sínú aṣálẹ̀ Síríà. Àwọn tó ṣẹ́kù fọ́n káàkiri. Àwọn tó dé Bourj Hammoud sọ àdúgbò wọn ní Nor Marash, Nor Adana, Nor Sis. "Tuntun" ni Nor lédè wọn. Wọ́n tiẹ̀ dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀ bíi tiwa yìí, lórúkọ ìlú tí wọn ò lè padà sí.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ọdún méje, mú ìwé wá. Sátidé ló máa ń lọ kọ́ èdè wọn. Ó fi álífábẹ́ẹ̀tì tí Mesrop Mashtots ṣe fún wọn ní nǹkan bí ọdún 405 kọ orúkọ rẹ̀, ó wá na bírò sí mi: "Ẹ kọ tiyín náà lédè yín." Mo kọ ọ́. Ó wò ó, ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì ṣáà nìyí." Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ àmì tó yẹ kó wà lórí orúkọ ara mi! Mo ní bírò ni ò dáa.

Àwọn àgbà ní àjò ò lè dùn kónílé má relé. Bàbá yẹn ò nílé tí wọ́n máa re mọ́. Àwa ńkọ́? Ẹni tó bá wọ mọ́tò láàárọ̀ á délé kílẹ̀ tó ṣú. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kí ara wa lórí WhatsApp, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì mọ oríkì ìdílé ẹ̀. Mo wà nínú wọn.

Nítorí náà, láti oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀ka ọ̀dọ́ á máa fi wákàtí kan kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíkà àti kíkọ Yorùbá ní gbogbo Sátidé, lórí fóònù. Ẹ̀yin àgbà, a ò tọrọ owó lónìí o! Ohùn yín la fẹ́. Ẹ bá wa ki oríkì ìdílé yín sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi àgbà pe orúkọ mi fún mi díẹ̀díẹ̀, mo sì fi àmì sí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ yẹn.

Ìlú wa ò ní parun.